Àpótí Irin Kí Ó Tó Di Ìbọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Béárì àti Àwa Tí À Ń Pàgọ́ Nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé béárì: èyí tí Dáfídì pa nídìí agbo àgùntàn, àti abo méjì tó fa àwọn ọmọ tó ń fi Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́ ya. Kò sí irú rẹ̀ nínú igbó wa. Nítorí náà, bí ìdílé Yorùbá kan ní Atlanta bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sùn lórí òkè Great Smoky, ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé, “Bó bá yọ sí wa ńkọ́?” Ìbéèrè náà dára, mo sì máa dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú: níbo la ó kó oúnjẹ sí, ta ló sì yẹ kó pèsè ibẹ̀?

Ibikíbi tí ìjọba tàbí oníṣòwò bá ti ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn láti sùn nílẹ̀ béárì, àpótí irin àti garawa ìdọ̀tí tí béárì kò lè ṣí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí òfin sì fi dandan mú gbogbo wa lò wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ẹ wo Yellowstone. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aláṣẹ igbó ọba yẹn gbà kí béárì máa jẹun lórí ààtàn, wọ́n tilẹ̀ to bẹ́ǹṣì síbẹ̀ kí àlejò lè jókòó wòran. Lójú títì, àwọn onímọ́tò ń na oúnjẹ sí wọn láti ojú fèrèsé. Láti 1931 dé 1969, nǹkan bí ènìyàn 48 ni béárì ń ṣe léṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Glacier, ní ìpínlẹ̀ Montana, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé àlejò kan wà lórí òkè tí wọ́n ti ń da àjẹkù síta kí àwọn èrò lè rí béárì grizzly wò lálẹ́. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1967, ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, ọmọ ọdún 19 làwọn méjèèjì, kú lọ́wọ́ béárì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, níbi méjì tó jìnnà síra. Láti 1910 tí wọ́n ti dá igbó ọba náà sílẹ̀, béárì kò pa ẹnikẹ́ni rí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn lojú là. Yellowstone ti àwọn ààtàn rẹ̀ pa. John àti Frank Craighead, àwọn ìbejì tó ti ń ṣèwádìí grizzly níbẹ̀, kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe é lójijì, kí ebi má bàa lé ẹranko náà bá ènìyàn. Wọn ò gbọ́, béárì tí wọ́n sì pa láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò kéré. Tàwọn ìbejì ni mo ṣe: ẹni tó fi oúnjẹ bá ẹranko lára mu ló yẹ kó fara balẹ̀ já a lẹ́nu ọmú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó kò sí, kó wo Yosemite ní California, níbi tó jẹ́ pé béárì dúdú nìkan ló kù. Ní 1998, ìjàǹbá tó lé ní 1,500 ni wọ́n kọ sílẹ̀, ohun tó bàjẹ́ sì ju 600,000 dọ́là lọ. Mọ́tò ni wọ́n ń fọ́ jù. Béárì á fi èékánná kọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á fà á wálẹ̀ títí irin á fi tẹ̀, á wá gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn olùwádìí yẹ àwọn mọ́tò tí wọ́n fọ́ láàrin 2001 sí 2007 wò, wọ́n sì rí i pé minivan ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti fi minivan kó ọmọ kéékèèké rìnrìn àjò rí mọ ìdí rẹ̀: chin-chin lábẹ́ àga, jùúsì lára bẹ́líìtì.

Láti 1999, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya 500,000 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ béárì ní Yosemite. Àpótí irin pọ̀ sí i, òṣìṣẹ́ ń yí ibùdó ká lóru, agolo oníke líle tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí sì di dandan fún ẹni tó bá ń wọ inú igbó lọ sùn. Ẹni tó bá kọtí ikún lè san ìtanràn tó tó 5,000 dọ́là. Ìjàǹbá náà ti fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dín kù. Owó ìdènà ọdún kan kò tó ohun tí béárì bà jẹ́ lọ́dún kan ṣoṣo yẹn.

Àwọn kan á ní, ṣebí ìbọn wà. Ikú béárì kan kò kó ìdọ̀tí nílẹ̀. Òórùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, òmíràn á tún wá, ìyá á sì kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́nà ibẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí kálukú ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú kí ni yóò tì í mọ́, bó bá jẹ́ pé garawa oníke lásán ni wọ́n gbé sẹ́yìn ilé tó háyà? Garawa gidi kò ṣòro ṣe: abẹ́ irin kékeré kan lọwọ́ máa ń gbà kó tó ṣí i, àtẹ́lẹsẹ̀ béárì kò sì lè wọ ibẹ̀.

Bó bá wá yọ sí yín ńkọ́? Ẹ má sáré. Kò sẹ́ni tó lè sáré jù ú. Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn. Bí béárì dúdú bá kọlu ènìyàn, ìjà ni kó bá a jà. Bó bá jẹ́ grizzly tí ènìyàn ká mọ́ ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló kọlù ú, kó dojú bolẹ̀, kó fọwọ́ bo ẹ̀yìn ọrùn, kó má mira. Èyíkéyìí tó bá wọ àgọ́ báni lóru, ìjà ni. Agolo ata tí wọ́n ń fín sí i wúlò ní Yellowstone, ọwọ́ ló sì yẹ kó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ báàgì. Ní Yosemite, òfin kò gbà á láyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín àkàrà níwájú àgọ́ tọ́mọ fẹ́ sùn sí. Ọṣẹ, ìpara àti oògùn ìfọyín náà, inú àpótí ni kí wọ́n sùn.

Ẹ̀yin ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń ṣètò ìsinmi ìgbà ooru, kí ẹ tó sanwó ibùdó, ẹ bi wọ́n bóyá àpótí irin wà. Bí kò bá sí, ẹ gbówó yín lọ síbòmíràn, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń dìbò ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín kí ìgbà ooru tó dé.