Erékùṣù Ascension: Àwọn Tó Ru Òkúta Dà?

Ẹni tó bá ní ìtàn ibùdó ọmọ ogun ojú omi tó wà ní erékùṣù Ascension kò kan ọmọ Yorùbá, kó fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn sì ni mí, ní ilẹ̀ Yewa. Ohun méjèèjì yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ erékùṣù náà máa ká mi lára.

Àárín Òkun Àtìláńtíìkì ló wà. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀n kìlómítà 88 níbùú lóròó lọ, etíkun Áfíríkà tó sì sún mọ́ ọn jù jìnnà sí i tó 1,600 kìlómítà. Òkè tó ń yọ iná nígbà kan ló yọrí láti ìsàlẹ̀ òkun tó di erékùṣù, òkúta dúdú àti eérú pupa ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Potogí ti rí i láti ọdún 1501, wọ́n wò ó, wọ́n bá tiwọn lọ. Omi mímu kò tó nǹkan níbẹ̀.

Napoleon ló sọ ọ́ di ibùdó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọba Faransé náà lọ sí ìgbèkùn ní St Helena ní ọdún 1815, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí àwọn èèyàn rẹ̀ má lọ fi Ascension ṣe ibùba láti wá jí i gbé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ ogun méjì, Zenobia àti Peruvian, gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ri àsíá mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé yani lẹ́nu: wọn ò kọ ọ́ bí ilẹ̀ rárá, ọkọ̀ ogun ni wọ́n pè é, HMS Ascension. Òfin inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ìwọ̀n oúnjẹ àwọn atukọ̀ ni wọ́n sì ń pín fún ẹni tó bá wà níbẹ̀.

Napoleon kú ní ọdún 1821. Wọn ò palẹ̀ mọ́ kúrò, ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti kàn wá gan-an nìyẹn. Láti ọdún 1808 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rán ọkọ̀ ogun wá sí etíkun wa láti máa dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lọ́nà. Àsìkò tí Ọ̀yọ́ ilé ń tú ni èyí, tí ogun ń kó èèyàn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà wọ́n ní Èkó, ní Àgbádárìgì àti ní Ouidah. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí ọmọ Òṣoogùn, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lórí omi ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, kò pẹ́ tí ọkọ̀ Potogí tó kó o gbéra ní Èkó. Àwọn atukọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń pẹ́ lójú omi, ibà sì ń pa wọ́n bí ẹní ń pa eṣú. Wọ́n ní láti rí ibi tí atẹ́gùn ti dára, tí wọ́n á ti pọn omi, tí wọ́n á ti rí ẹ̀fọ́ àti ẹran tútù. Ascension ni wọ́n yàn.

Ẹran tí wọ́n ń rí níbẹ̀, ìjàpá òkun ni. Etíkun Brazil ni àwọn ìjàpá yìí ti ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ìrìn tó ju 2,000 kìlómítà lọ, òmíràn a sì wọn 150 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tí àkókò wọn bá tó, abo á wọ́ gòkè lóru, á gbẹ́ iyanrìn, á yé ẹyin sí i. Àwọn sójà á ti lúgọ. Bó bá ti ń padà sínú omi, wọ́n á yọ sí i, wọ́n á yí i fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì ní lè dìde mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú adágún kan tí wọ́n fi òkúta mọ létí òkun ní Georgetown, ìlú èbúté erékùṣù náà, ni wọ́n ń kó wọn sí, tí omi òkun ń wọ̀ tó ń jáde, títí ọkọ̀ á fi dé tí á kó wọn láàyè. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ní London. Adágún náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ti ẹ̀fọ́, orí Green Mountain ni wọ́n dá oko sí. Mítà 859 ni òkè náà ga, ìkùukùu sì máa ń bò ó. Wọ́n gbẹ́ ihò la inú òkè kọjá, wọ́n tẹ́ páìpù láti ibẹ̀ wá sí Georgetown kí omi lè dé èbúté. Wọ́n kọ́ ilé sójà, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n la ọ̀nà.

Ta ló ṣe làálàá yẹn? Nígbà tí Charles Darwin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dúró níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1836, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju sójà lọ àti àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́rú, tí ìjọba ń sanwó fún tó sì ń bọ́. Mo máa ń tún ibẹ̀ kà. Wọ́n gba èèyàn kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ sórí àpáta kan ní àárín agbami, níbi tí kò ti ní ìyá tàbí baba tàbí ará ilé. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn sínú ìwé ìtàn tí mo fi kọ́ ọmọ. Ní Freetown ní Sàró, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ nígbà yẹn, àwọn tiwa, tí wọ́n ń pè ní Aku, pọ̀ bí omi láàárín wọn. Mo gbà gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wa wà lára àwọn tó ru òkúta Georgetown. Àwọn Kru láti etíkun Liberia náà ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun yìí, orúkọ bíi Bottle of Beer ni wọ́n sì kọ fún òmíràn nínú wọn sínú ìwé owó oṣù. Àgbà ọkùnrin tí baba rẹ̀ sọ lórúkọ! Ó dùn mí.

Àwọn atukọ̀ tó kú níbẹ̀ ní tiwọn, a mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ní ọdún 1838, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ wọ inú ọkọ̀ ogun kan, HMS Bonetta. Etíkun kan tó dá wà, Comfortless Cove, ni wọ́n ń gbé àwọn aláìsàn sí kí ibà má bàa ran ará ibùdó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin àwọn tó kú. Itẹ́ òkú Bonetta ni wọ́n ń pè é di òní.

Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tó bá gbọ́ orúkọ ọkọ̀ yẹn á ta gìrì. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ja ìlú wa, wọ́n pa, wọ́n kó. Ọmọdébìnrin kan wà lára ẹrú tí wọ́n kó, ààfin Gezo, ọba Dàhòmì, ló sì wà nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ Bonetta kan náà, Frederick Forbes, dé ọ̀dọ̀ ọba náà ní ọdún 1850. Gezo fi ọmọ náà ta á lọ́rẹ, Forbes sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ Forbes àti orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fún un: Sarah Forbes Bonetta. Ní ọdún 1862 ló fẹ́ James Labulo Davies ní Brighton, oníṣòwò ọmọ Sàró tó di ẹni ńlá ní Èkó. Inú ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi yìí kan náà ni Davies ti kọ́ iṣẹ́ atukọ̀, ó sì wà pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, inú ọkọ̀ ogun Prometheus ni wọ́n pe Dòsùnmú, ọba Èkó, sí nípa ìwé tó fi Èkó lé wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, mi ò lè kan sáárá lásán, mi ò sì ní bú wọn tán. Nǹkan bí 150,000 èèyàn ni ọkọ̀ ogun wọ̀nyẹn gbà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ló sì kú sí i. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ padà wálé láti Sàró kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Ìbọn kan náà ló sì gba Èkó.

Ní ọdún 1922 ni àwọn ọmọ ogun kó kúrò ní Ascension, tí erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi wáyà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun ránṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe pápákọ̀ òfuurufú síbẹ̀ ní ọdún 1942. Ní ọdún 1966, BBC gbé òpó rédíò síbẹ̀ láti máa ju ohùn sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Bàbá mi tó máa ń na eríàlì rédíò rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù kò mọ̀ pé láti orí àpáta yẹn ni ìròyìn ti ń tọ òun wá. Títí di òní, kò sẹ́ni tó lè pe Ascension ní ìlú òun: iṣẹ́ ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀, tí iṣẹ́ bá tán, ó di dandan kó kúrò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé lọ kà wọ́n. Àwọn ọmọ wa kún London, wọ́n kún Peckham, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní yunifásítì, wọ́n ń wá àkòrí tí wọ́n á fi ṣe ìwádìí. Kí wọ́n lọ tú ìwé wọ̀nyẹn. Kí àwọn ẹ̀ka ìtàn ní Ìbàdàn àti ní Èkó kọ̀wé sí ìjọba erékùṣù náà pé kí wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ dúdú, nítòsí ibi tí àwọn atukọ̀ Bonetta sùn sí, kí wọ́n sì fín orúkọ tí a bá rí sí i. Láti ìwé ọdún 1823, nígbà tí àwọn Royal Marines gba àkóso ibẹ̀, títí dé 1836 tí Darwin kàn wọ́n níbẹ̀, ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú.