Ẹ Dá Tẹmositáàtì Padà Sí Ààyè Rẹ̀

Bí Peugeot 504 bá ń gbóná, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ tẹmositáàtì sọnù. Èkejì ni pé kí wọ́n so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kí ó máa yí láti ìgbà tí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí a ó fi pa ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni pọ́ọ̀-wọ́tà: wọn a fi eyín ya á, wọn a sì dà á sínú rédíétọ̀, ọ̀rá méjì, ọ̀rá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọn a gba owó iṣẹ́, wọn a ní ó dìgbà. Mo ń sọ ọ́ gbangba pé àwọn ohun mẹ́ta yìí ló ń pa èyí tó kù nínú 504 ilẹ̀ wa, kì í ṣe ọjọ́ ogbó.

Ọdún 1968 ni ọkọ̀ yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Kàdúná ṣí ní 1975 tí wọ́n ń tò ó pọ̀ níbẹ̀, ó di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ó di ọkọ̀ èrò. Ẹni tó bá ṣì ní ọ̀kan lónìí kò ní ṣàì pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí irin a máa jẹ, ihò inú rẹ̀ a sì máa dí. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. (Ẹni tó ní Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen àtijọ́, lè máa wò wá níran: ọkọ̀ tirẹ̀ kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́ ni pé, "Bàbá, ilẹ̀ òtútù ni òyìnbó ṣe nǹkan yẹn fún. Ilẹ̀ wa gbóná." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tẹmositáàtì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí omi ẹ́ńjìnì bá gbóná dé nǹkan bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oòrùn Mẹ́dúgùrì pàápàá, bó ti wù kó mú tó, kò tó 50. Kò sí ìlú kan láyé tí oòrùn rẹ̀ lè ṣí tẹmositáàtì. Iná inú ẹ́ńjìnì ló ń ṣí i, iná yẹn kò sì mọ̀ bóyá Lọ́ńdọ́nù la wà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá ti ṣí tán, omi ń kọjá nìyẹn, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Bí a bá wá yọ ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ́ńjìnì ń pẹ́ kó tó móoru. Ọ́ìlì ń ki, epo bẹntiróòlù tí kò jó tán ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, irin sì ń ha irin. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ọ̀nà àbùjá kan tún wà tí tẹmositáàtì máa ń dí bó bá ti ṣí tán. Ẹ yọ ọ́, omi gbígbóná á gba àbùjá yẹn padà sínú ẹ́ńjìnì láìfojú kan rédíétọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó má gbóná mọ́ á wá gbóná sí i nínú gósúlóò.

Tẹmositáàtì a máa bàjẹ́ lóòótọ́, a máa di pa. Ẹ fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù. Bí omi bá hó tí ẹnu rẹ̀ kò là, ẹ ra òmíràn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n yíyọ yá ju dídánwò lọ, iye owó iṣẹ́ kan náà sì ni wọ́n ń gbà.

Ẹ wá gbọ́ ti fáànù. Àwọn tó ṣe 504 kò gọ̀. Bẹ́líìtì ló ń yí fáànù tó bá a wá, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ń dì í mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá tutù. Nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn bá kú, fáànù oníná ti Toyota tòkunbọ̀ ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. N kò bá Toyota jà. Wáyà ni mo ń bá jà. Fáànù bẹ́ẹ̀ lè fa iná tó ámpíà 15, bó bá sì ń gbéra, ó ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbé ẹrù yìí lé swíìṣì kọ́kọ́rọ́ tó ti gbó, láìsí rílé, láìsí fíúùsì, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí wọ́n yọ lára rédíò! Mo ti rí irú wáyà bẹ́ẹ̀ tó yọ́ mọ́ ara wọn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ń gbé èrò. Ènìyàn ló ń jókòó síbẹ̀.

Àwọn kan tiẹ̀ ń so wáyà rẹ̀ sódì. Fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ máa fa atẹ́gùn wọlé sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì. Bó bá ń fẹ́ ẹ síta, yóò máa bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Ẹ gbé bébà síwájú rédíétọ̀. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, fáànù yẹn ń ṣiṣẹ́ ọ̀tá. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá gún àárín rédíétọ̀ láti so fáànù mọ́ ọn. Bó bá ń gbọ̀n, yóò ha páìpù títí yóò fi jò. Irin ni kí wọ́n fi gbé e dúró.

Wọ́n á ní olówó ló ń sọ̀rọ̀, pé kúláǹtì wọ́n, pé rílé wọ́n. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń fi 504 kó tòmátì. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan. Álúmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì yẹn, ó máa ń tètè wọ́ bó bá gbóná jù, omi lásán tí wọ́n ń bù sí i sì ń jẹ ẹ́ bí ikán. Gbogbo owó tó fi rẹ́ orí ẹ́ńjìnì náà ì bá ra kúláǹtì ọdún púpọ̀. Adìyẹ ló ń yé sábẹ́ ọkọ̀ náà báyìí, òun sì ń gun ọ̀kadà. Ta ni olówó nínú wa tó lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta?

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin lẹ ń ṣe fírídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́. Kí ọmọ náà tó kúnlẹ̀ fún àdúrà, ẹ fún un ní ìkòkò, òwú àti tẹmositáàtì kan. Ẹ fún un ní rílé àti fíúùsì, kí ó so fáànù lójú yín. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá lọ gbé e, ẹ béèrè tẹmositáàtì yín. Bí wọ́n bá ní àwọn ti jù ú nù, ẹ má sanwó títí wọ́n á fi ra òmíràn, tí wọ́n á sì fi sí i lójú yín.