Ẹ Má Yọ Ilẹ̀kùn Ayálégbé

Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Púpọ̀ nínú wa tó ń ta gàrí, ata àti aṣọ ló ti fi owó àjọ àti ti alájẹṣẹ́kù kọ́ yàrá mélòó kan. Láti ọdún 1979 tí wọ́n ti dá Pólì sílẹ̀ ní Ìlaròó, ayálégbé ò wọ́n wa. Ní Ayétòrò náà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ń wá yàrá kiri. Ilé ti di ìsọ̀ kejì fún wa, àmọ́ a ò mọ ìsọ̀ yìí í tà bí a ṣe mọ ti ọjà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ayálégbé rẹ̀ ń ná ọjà Ìdìrókò. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, iṣẹ́ ọkùnrin yìí dẹnu kọlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, kò san kọ́bọ̀. Ni ìyá bá pe káfíńtà, wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ká páànù méjì kúrò lórí òrùlé. Òjò rọ̀ sórí ẹrù. Ọkùnrin náà gba kóòtù lọ. Wọ́n bi ìyá léèrè rìsíìtì, kò sí. Ìwé àdéhùn ńkọ́? Kò sí. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ló wá ń bẹ̀bẹ̀, òun ló tún san owó ẹrù tó bàjẹ́!

Ẹnubodè Ìdìrókò ò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ṣé kí ìyá káwọ́ gbera títí dìgbà yẹn ni? Rárá o. Òfin ò gbè sẹ́yìn ayálégbé nìkan bí a ṣe rò. Ẹni tó ń san owó ọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan ni, àfi tí ẹ bá ti kọ nǹkan mìíràn sínú àdéhùn. Tí ọjọ́ bá pé tí kò jáde, ẹ ó tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé ẹ ń lọ sí kóòtù. Inú ẹjọ́ kan náà lẹ ó ti béèrè owó tó jẹ sílẹ̀. Kóòtù ló lè lé e jáde, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ àdúgbò tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀.

A kì í ta aṣọ láwìn láìkọ ọ́ sílẹ̀. Báwo la ṣe wá ń gba owó ilé ọdún kan lẹ́nu lásán? Tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé, ẹ jẹ́ kí òbí rẹ̀ náà fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì kọ iye ẹni tí yóò máa sùn níbẹ̀ (ẹni méjì ń gbayàrá, ẹ ó bá mẹ́fà lórí ẹní).

Kí àwa náà má ṣe jayé alákọrí o. Ṣáláńgá tó kún láti èṣí, tí a ṣì ń ní kí wọ́n ní sùúrù, ẹnu wo la ó fi béèrè owó? Ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ilé fún àtúnṣe kí ọjà tó gbé e mì. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó pe ọmọ rẹ̀. Ìwé rìsíìtì ò wọ́n, ó wà nísọ̀ àwọn oníwèé.