Kẹ́ẹ̀gì Oògùn Kì í Ṣe Kẹ́ẹ̀gì Epo



Ní ọdún 1988, ìròyìn kan láti Kókò, ìlú etí odò tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, já gbogbo Nàìjíríà láyà. Wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá láti Ítálì, wọ́n sì tò wọ́n jọ sí àgbàlá kan níbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn ará ìlú tú ohun inú àgbá dànù, wọ́n sì gbé àgbá lọ sílé láti fi tọ́jú omi. Lẹ́yìn náà ni ìjọba mú kí a kó ẹrù náà kúrò, wọ́n sì ṣe òfin tí ó de irú òwò bẹ́ẹ̀ ní ọdún náà gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwọn ará Kókò rẹ́rìn-ín. Àṣà gbogbo wa ni wọ́n tẹ̀ lé. A kì í sọ ohun tí ó ṣì wúlò nù. Ìgò ọtí a di ìgò epo pupa, garawa òróró a di ohun ìpọnmi. Ní Jámánì, òfin ni ó ń mú kí oníbàárà san owó lé ìgò ike àti agolo ohun mímu láti ọdún 2003, tí yóò sì gbà á padà bí ó bá dá òfìfo padà. Ohun tí òfin ń mú wọn ṣe lọ́hùn-ún, ìyá wa ti ń ṣe é láìsí òfin.

Ṣùgbọ́n àṣà rere nílò ìmọ̀. Ọdẹ ayé àtijọ́ kì í gbé ìkòkò oró ọfà wọ ilé ìdáná. Kí ló dé tí àwa fi ń bu omi mímu sí kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò àti oògùn apako? Oró a máa wọ inú ike. Ọṣẹ lè mú òórùn rẹ̀ lọ, kí oró ṣì kù síbẹ̀.

Ní Bùràsíìlì, òfin ọdún 2000 sọ ọ́ di dandan kí àgbẹ̀ ṣan òfìfo oògùn, kí ó dá a padà, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe oògùn sì kó o lọ. Lónìí, ó lé ní 90 nínú 100 irú ike bẹ́ẹ̀ tí ó ń padà.

Ẹlòmíràn lè wí pé èyí kò lè ṣeé ṣe nílé wa. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ ra bíà nínú ìgò a máa mú òfìfo dání, tàbí kí ó san owó ìgò? Bí a bá lè ṣe é fún ọtí, a lè ṣe é fún oró. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oògùn fún wa, kí a má sì dákẹ́.

Kí ó tó di ìgbà náà, bí kẹ́ẹ̀gì bá ti ṣófo, ẹ bu omi sí i dé ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì da omi náà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ihò sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Ẹ má ṣan án lódò, ẹ má sì dáná sun ún. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.