Ẹkún Bàbá Ṣẹ́gi Ti Pọ̀ Jù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí láyè kí n bínú díẹ̀. Mo yá àbúrò kan ní ọ́fíìsì wa ní ìwé tí Lola Shoneyin gbé jáde ní 2010, The Secret Lives of Baba Segi's Wives. Ọjọ́ kẹrin ló fajú ro wọlé tọ̀ mí wá. "Ẹ̀gbọ́n, irú ìwé wo lẹ fún mi yìí? Àwọn obìnrin yẹn mà burú o!"

Ẹni tí kò bá tíì kà á, ọ̀rọ̀ ò gùn. Ní Ìbàdàn, Bàbá Ṣẹ́gi ní ìyàwó mẹ́ta, ó tún fi Bọ́láńlé tó jáde yunifásítì ṣe ìkẹrin. Ọmọ méje ló wà nílé, Bọ́láńlé nìkan ni kò lóyún. Bàbá mú un lọ sí ọsibítù, dókítà ní kí àwọn yẹ òun náà wò. Àṣé ọ̀dọ̀ ọkọ ni wàhálà wà! Ìta ni àwọn ìyáálé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ gbé oyún wọlé.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti ké yéè. Kì í sì í ṣe òun nìkan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo bá sọ̀rọ̀ ìwé náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ké. Mo bi í pé, "Ìgbà tí oko ò so, tí bàbá Ìyá Tọ́pẹ́ fi ọmọ rẹ̀ dí i fún Bàbá Ṣẹ́gi ńkọ́? Ṣé o pariwo?"

Ó ní, "Ṣebí ayé àtijọ́ nìyẹn."

Ayé àtijọ́ kẹ̀? Obìnrin náà ṣì wà nínú ilé yẹn, inú ìtàn kan náà!

Èmi ò sọ pé irọ́ dára. Májèlé tí wọ́n fẹ́ fi pa Bọ́láńlé, Ṣẹ́gi ọmọ ìyáálé gan-an ló jẹ ẹ́. Ẹ bínú síyẹn, mo bá yín bínú. Àbúrò mi ò tilẹ̀ dárúkọ májèlé! Ti ta ló lọmọ ló ká a lára.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe báyìí. Ní 1879, Henrik Ibsen ará Nọ́wè kọ eré A Doll's House. Nora, tí ọkọ ń ṣe bí ọmọdé, jáde nílé, ó fi ọkọ àtọmọ sílẹ̀. Ní 1880, òṣèré obìnrin kan ní Jámánì kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní fi ọmọ òun sílẹ̀ láé. Ibsen fúnra rẹ̀ kọ ìparí mìíràn tí Nora fi dúró, kí ẹlòmíràn má baà tún un kọ fún un, ṣùgbọ́n ó ní ìwà ìkà ni sí eré òun.

Àbúrò mi náà ń fẹ́ ìparí tirẹ̀: kí Bàbá Ṣẹ́gi lé gbogbo wọn. Bàbá ò lé wọn o! Bọ́láńlé ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Mo ní kó dá ìwé mi padà. Ó ní ìyàwó òun ló ń kà á lọ́wọ́, ó ń dá rẹ́rìn-ín lóru, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa gbà á.