Ta Ló Ń Wọn Àwọn Tó Ń Wọn Wá?

Tí ó bá di ká ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ìsoríkọ́ ń bá jà, ọwọ́ wa yá. Ọdọọdún ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá máa ń pín ìwé ìbéèrè káàkiri Fájuyì, Mọremí àti Mozambique, tí a óò dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì máa fi bíírò sàmì sí i. Ohun tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni nínú wa kà ni ti òdìkejì tábìlì: ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn tó ń tọ́jú wa ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n sì ń fi èsì rẹ̀ ṣe?

Kì í ṣe pé irinṣẹ́ wọ́n wa. PHQ-9 wà nílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, bí ọkàn ṣe ń pa pọ̀ sí lórí ìwé kíkà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Ní 2006, Adewuya, Ola àti Afolabi gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n fi dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní Nàìjíríà jáde. Wọ́n rí i pé ó ṣeé gbára lé, pé 10 sókè ni ibi tó ti yẹ kí á fura sí ìsoríkọ́ tó le. Adewuya yìí ti ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, Iléṣà, ẹ̀ka OAUTHC tiwa níbí. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé nǹkan òyìnbó tí a kò dán wò ni.

Ṣùgbọ́n lílò ju lílò lọ. Wesley Guild yẹn kan náà ni dókítà David Morley wà ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọdé ti gbéra kó tó tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á sàmì sí káàdì. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò sọ nǹkan púpọ̀. Bí ìlà yẹn ṣe ń gòkè tàbí tó ń wálẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì sì máa ń wà. Ta ló ti rí ìlà ìsoríkọ́ tirẹ̀ rí nínú wa?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi àwọn tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ léèrè. Nínú iṣẹ́ tí Jensen-Doss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018, ọ̀rọ̀ rere ni ọ̀pọ̀ wọn sọ nípa pé kí á máa fi ìwé ìbéèrè tọpa bí ara aláìsàn ṣe ń yá sí. Àmọ́ 61.5% kì í lò ó rárá, 13.9% péré ló sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Ibi tí owó àti kọ̀ǹpútà wà nìyẹn o! Tí a bá wá bi dókítà tiwa pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ń lò ó?", "bẹ́ẹ̀ ni" kò tó. Inú fáìlì ni ká wò, kí á bo orúkọ, kí á sì gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó yẹ. Ṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣé òmíràn wà níbẹ̀ nígbà tí aláìsàn padà wá lẹ́ẹ̀kẹrin? Tí nọ́ńbà náà kò bá wálẹ̀, ṣé wọ́n yí ìtọ́jú padà, àbí oògùn kan náà ni wọ́n tún kọ? Ẹ̀yin ará Saikọ́lọ́jì àti Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ àṣekágbá ńlá rèé.

Wọ́n á ní dókítà kò tó, pé èrò pọ̀, pé àwọn tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ ti já pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró náà la ti lè kọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lójú tèmi ni pé aláìsàn wa lè má sọ pé inú òun bàjẹ́. Á ní orí òun ń gbóná, pé nǹkan kan ń rìn lórí òun. Láti 1960 ni Raymond Prince ti kọ̀wé lórí irú ìrora bẹ́ẹ̀ lára akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, tó pè é ní "brain fag". Kò sí ọ̀kankan nínú ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn tó béèrè bóyá orí ń gbóná. Nọ́ńbà lè kéré kí ìyà pọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á ka nọ́ńbà nìkan. Kí á wo bóyá dókítà kọ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wá láyè láti kà, ìbéèrè kẹsàn-án ni mo máa mú. Òun ló ń béèrè bóyá èèyàn ń rò ó pé ikú sàn ju ayé òun lọ, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Ẹni tó bá sàmì sí ohunkóhun yàtọ̀ sí 0 níbẹ̀ ti sọ ohun tí kò lè sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Kí á ṣí fáìlì irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á wo bóyá ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.