Ẹ má torí ìyẹ̀fun stem cell pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dópin. Stem cell ni sẹ́ẹ̀lì ara tó lè di eegun, ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Kì í dá ṣiṣẹ́. Kálísíọ̀mù tó ń mú eegun le náà ń gba ẹnu ọ̀nà tín-ín-tìn-ín wọ inú rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó ń sọ ìgbà tí yóò pín àti ohun tí yóò dà. Irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni amlodipine ń dí lára iṣan ẹ̀jẹ̀, kí iṣan lè dẹ̀, kí ìfúnpá lọ sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá bí wọn yóò ṣe máa darí iṣẹ́ yìí. Ta ló wá rí i dì sínú páálí? Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá gbé mì, ikùn á lọ̀ ọ́ bí oúnjẹ ni. Èyí tó dájú, bíi fífi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn wo àrùn ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ má dá oògùn yín dúró láìbi dókítà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.